Bàtà ayùn ni kí o tún ṣe, má fọwọ́ kan ìbòrí rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà, ó ti tó ọdún méjì tí patron (ọ̀gá) mi ti dá mi sílẹ̀. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni mo ń kàn, tíìkì àti ìrókò ló sì pọ̀ jù nínú igi tí mo ń là. Ohun tí mo ní kò pọ̀: meuleuse 115 kan, ayùn oníná tó ń lo àwo mílímítà 190, dírílì kan, àti rabot (ẹ̀rọ tó ń fá igi) oníná kan tí mo rà ní àlòkù. Kò sí owó ẹ̀rọ ńlá. Ẹnì kan fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń de àwo ayùn igi mọ́ meuleuse, ó ní ó ń gé igi bí ẹni ń gé ẹ̀kọ. Mo tún fẹ́ dorí ayùn oníná mi kodò sábẹ́ tábìlì kí n lè máa fi la pákó. Èwo ni mo lè ṣe nínú ìwọ̀nyí, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣé tí o béèrè kí o tó ṣe é. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìka wọn ti dín kan kí wọ́n tó wá bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Èmi fúnra mi ńkọ́? Bí o bá wo àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi, wàá rí àpá kan tó gba àárín èékánná kọjá. Meuleuse ló ṣe é. Màá dé ibẹ̀. Kí àwọn ará wa ní Nàìjíríà má baà sọnù lọ́nà, meuleuse yìí ni wọ́n ń pè ní gíráńdà, gíráńdà náà ni màá sì máa pè é láti ibí lọ, torí ó rọrùn lẹ́nu.

Ní Kétu tí o wà, o kò lè sọ pé o kò rí àwọn tó ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí. Lọ jókòó ti ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irinṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Kò ní lò ó bẹ́ẹ̀. Á yọ èèkù rẹ̀, á fá a, á dì í mú wò, á tún fá a, títí yóò fi bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mu. Ẹlòmíràn á gé e kúrú, ẹlòmíràn á fi awọ wé e. Ṣùgbọ́n irin tí alágbẹ̀dẹ rọ, àfi tó bá fẹ́ pọ́n ọn ló ń fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nípa irinṣẹ́ oníná kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí irinṣẹ́ fi ń jókòó, ibi tí a ti ń dì í mú, ohun tó ń tọ́ ọ sọ́nà, tún gbogbo wọn ṣe bó ṣe wù ọ́. Ohun tó ń yí, eré tó fi ń yí, àti ìbòrí tó bò ó, fi wọ́n sílẹ̀ bí o ṣe bá wọn. Bó bá wá di dandan kí o fọwọ́ kan ohun tó ń yí, ìṣirò ni kí o fi ṣe é, má fojú díwọ̀n.

Gíráńdà ló ń bà mí lẹ́rù jù, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wo pátákó kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Gíráńdà 115 sábà máa ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Wá wo ara ayùn oníná rẹ: nǹkan bí 5,000 ni wàá rí níbẹ̀. Ojúlówó àwo ayùn igi ní nọ́ńbà tiwọn náà lára, iye ìyípo tí kò gbọdọ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ àwo ayùn oníná ni kò sì dé 11,000. Ẹni tó bá dè é mọ́ gíráńdà ti fi í sínú eré tí wọn kò ṣe é fún. Eyín kan lè já kúrò lára rẹ̀ níbẹ̀, eyín tó bá sì já ní irú eré yẹn, ọta ìbọn ni.

Wàá sọ pé àwọn kan ń ta àwo eléyín kékeré tí wọ́n kọ 12,000 sí lára. Mo ti rí i. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Gíráńdà kì í bu nǹkan jẹ, ńṣe ló ń ha á. Àwo òkúta tí a fi ń gé irin kò ní eyín, bó bá há, ó sábà máa ń fọ́ tàbí kí ẹ̀rọ kú. Eyín ayùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá kan ojú igi tó le, tàbí tí pákó bá fún mọ́ ọn, yóò gún orí igi bí ẹní ń gun àtẹ̀gùn, gbogbo agbára inú ẹ̀rọ á sì yí padà sí ẹni tó dì í mú. Ayùn oníná ní bàtà irin pẹlẹbẹ tó fi ń jókòó sórí pákó, ó ní ìbòrí ìsàlẹ̀ tó ń padà bo eyín fúnra rẹ̀, bí o bá sì tú ìka sílẹ̀ lára súìṣì, iná ti kúrò. Gíráńdà kò ní bàtà. Ìbòrí rẹ̀ kò ju ìdajì àwo lọ. Súìṣì ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí o bá ti tì í síwájú, ibẹ̀ ló ń dúró sí, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín, kò jìnnà sí ọjà Wàndó. Wọ́n ní kí n dín ẹsẹ̀ àga kan kù, ó gùn ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Ayùn ọwọ́ mẹ́ta ló so kọ́ lára ògiri lẹ́yìn mi. Ìmẹ́lẹ́ ló mú kí n gbé gíráńdà. Wọ́n ti yọ ìbòrí rẹ̀ tipẹ́, torí àwo tí wọ́n fi sí i tóbi ju ààyè ìbòrí lọ. Igi àpá ni ẹsẹ̀ àga náà, ó gbẹ, ó sì le. Mo fi ọwọ́ òsì di igi mú, mo fi ọ̀tún di ẹ̀rọ. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọ̀pá na páànù, n kò mọ ohun tó tún ṣẹlẹ̀ mọ́ àfi pé gíráńdà ti wà nílẹ̀, ó ń ta kiri lórí sìmẹ́ǹtì bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú, okùn iná rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. N kò tilẹ̀ tètè rí ẹ̀jẹ̀. Ẹnìkejì mi ló pariwo pé, “Ọwọ́ ẹ! Wo ọwọ́ ẹ!” Ẹsẹ̀ àga yẹn, ìṣẹ́jú méjì ni ayùn ọwọ́ ì bá fi gé e.

Nítorí náà, rárá o. Má de àwo ayùn mọ́ gíráńdà, má sì de àwọn àwo tó ní ṣéènì yíká etí mọ́ ọn; wọ́n tilẹ̀ burú ju ti ayùn lọ. Iṣẹ́ wà tí gíráńdà lè ṣe fún káfíńtà. Ra àwo tí wọ́n fi bébà yanrìn ṣe ní ìpele ìpele bí ìyẹ́ ẹyẹ, yóò bá ọ gbẹ́ ibi ìjókòó àga sínú, yóò sì yí etí igi tó nípọn ká. Jẹ́ kí ìbòrí wà lára rẹ̀, kí èèkù ẹ̀gbẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Bí èèkù ike yẹn bá kéré fún ọwọ́ rẹ, gbẹ́ ti igi tìrẹ, fi sikúrúù tó bá ihò rẹ̀ mu dè é, ìyẹn ni àtúnṣe tí mo fọwọ́ sí. Bí abẹ rabot bá kú, má fi gíráńdà pọ́n ọn. Bí irin bá ti di aláwọ̀ aró létí, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ó kan ayùn oníná, ibẹ̀ ni owó rẹ wà. Ẹni tó ní ayùn oníná kan ṣoṣo tó dára, tó sì ṣe ìtọ́sọ́nà tó yẹ fún un, yóò la pákó ilẹ̀kùn tó tọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ní tábìlì ayùn tó ń mì lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń mú contreplaqué (plywood) mílímítà 6, màá gé e kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, kó gùn tó mítà 2.40, torí ilẹ̀kùn lè gùn ju mítà méjì lọ, ìtọ́sọ́nà kúkúrú tí a ń sún kiri kì í sì í jẹ́ kí ojú ibi tí a là dọ́gba. Lẹ́yìn náà, màá wá ọ̀já igi mìíràn tó nípọn tó mílímítà 12, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tọ́ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ tí ilé iṣẹ́ gé lára contreplaqué odindi ló dára jù. Má fi ojú rẹ gé òmíràn. Màá fi gọ́ọ̀mù àti sikúrúù kékeré dè é mọ́ orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, kó ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sẹ́yìn fún serre-joint, irin tí a fi ń fún pákó mọ́lẹ̀, kí ìyókù iwájú sì fẹ̀ ju ibi tí bàtà ayùn dé abẹ lọ.

Ibi tó dùn nínú rẹ̀ rèé. Bí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, gbé ayùn rẹ lé e, fi ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ ti ọ̀já igi náà, kí o sì rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ayùn á gé àlékù tó wà níwájú dànù. Etí tó bá kù, ojú ọ̀nà abẹ rẹ gan-an nìyẹn, kò yẹ̀ sí ọ̀tún, kò yẹ̀ sí òsì. Láti ọjọ́ yẹn, ìwọ kò wọn ohunkóhun mọ́. Fa ìlà pẹ́ńsù, gbé etí ìtọ́sọ́nà lé orí ìlà, fún un mọ́lẹ̀, kí o sì là. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, sọ abẹ kalẹ̀ dé ibi tó jìn jù, kí o wò ó bóyá ikùn ẹ̀rọ kò ní kọlu ọ̀já igi tàbí orí serre-joint. Mo ti rí ẹni tó rìn dé ìdajì ilẹ̀kùn tí ikùn ẹ̀rọ rẹ̀ gun orí sikúrúù. Ìlà yẹn wọ́ bí ọ̀nà inú oko. Bí o bá pààrọ̀ àwo sí èyí tí eyín rẹ̀ nípọn jù tàbí tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìtọ́sọ́nà kò bá a mu mọ́. Ṣe òmíràn, kọ orúkọ àwo náà sí i lára.

O kò béèrè nípa etí igi tó ń ya, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Eyín ayùn oníná ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, ojú òkè ló ń já jágajàga. Ojú tí oníbàárà máa rí, dà á bolẹ̀ nígbà tí o bá ń gé. Etí contreplaqué ìtọ́sọ́nà tìrẹ náà á tẹ àwọ̀ igi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn kan ń lẹ contreplaqué tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́ bàtà ayùn fúnra rẹ̀, tí wọ́n á sọ abẹ gba inú rẹ̀ kọjá kí àlàfo má baà sí rárá. Ó dára, èmi náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n gé ojú ihò rẹ̀ kó gba ìbòrí ìsàlẹ̀. Tì í wò lọ́wọ́ ní ìgbà mẹ́wàá nígbà tí okùn iná ṣì wà nílẹ̀. Bó bá há lẹ́ẹ̀kan péré, yọ contreplaqué náà dànù.

Nípa dídorí ayùn kodò sábẹ́ tábìlì: mo mọ̀ pé ó pọ̀ nílùú, mo ti rí i láti Sàkẹ́tẹ́ títí dé Pọ́bẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe tábìlì fún ayùn tiwọn, pẹ̀lú ìbòrí òkè àti gbogbo ohun tó yẹ. Èyí tí wọ́n ń ṣe lójú pópó kì í ṣe ìyẹn. Wáyà ni wọ́n fi ń so ìbòrí ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á sì fi okùn rọ́bà de súìṣì mọ́lẹ̀ kó má baà kú. Ìwọ̀nyí ni ohun méjì tó ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ewu, o sì ti so àwọn méjèèjì lókùn. Má ṣe é.

Bó bá jẹ́ pé pákó ló pọ̀ tí o ń là lójoojúmọ́, fi sùúrù tọ́jú owó, kí o kan tábìlì ayùn gidi. Kò nílò kó ti òkèèrè wá. Soudeur (wẹ́dà) tó mọṣẹ́ lè jó ẹsẹ̀ àti férémù rẹ̀ fún ọ, ìwọ á kan ojú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní ìgbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan, agbára cheval (ẹṣin) mẹ́ta, tó fún àwo mílímítà 250. Ìṣirò tí mo ní kí o fi ṣe é dé báyìí. Eré ọ̀pá abẹ ni eré ẹ́ńjìnnì, ní ìlọ́po ìbú púlì (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń gbà) ẹ́ńjìnnì, kí o wá fi ìbú púlì ọ̀pá pín in. Bí púlì ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ mílímítà 112, tí ti ọ̀pá jẹ́ 80, 2,850 lọ́nà 112, pín sí 80, ó di 3,990. Àwo 250 tó ń yí ní 3,990, eyín rẹ̀ ń rìn tó mítà 52 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré tó tọ́ fún igi líle nìyẹn. Bí o bá ṣèèṣì yí púlì méjèèjì padà fún ara wọn, yóò bọ́ sí nǹkan bí 2,036. Ayùn á máa jó igi dúdú, ìwọ á máa fi agbára tì í, ibi tí ọwọ́ ti ń yọ̀ lọ bá abẹ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ tí mo fi ní kí o má fojú díwọ̀n nìyẹn.

Lẹ́yìn abẹ, irin pẹlẹbẹ kan gbọ́dọ̀ dúró, tí a ń pè ní couteau diviseur. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí pákó tí a ti là padà fún mọ́ ẹ̀yìn abẹ. Tíìkì kékeré kún fún èyí, pàápàá èyí tí wọ́n gé nígbà tí kò tíì dàgbà tó: bí o ṣe ń là á ló ń pa ẹnu dé. Bí ẹ̀yìn abẹ bá gbá pákó mú, yóò gbé e, yóò sì jù ú sí ọ níkùn. Irin yẹn gbọ́dọ̀ nípọn ju ara àwo lọ díẹ̀, kó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ojú ọ̀nà tí eyín là lọ, kó má jìnnà sí eyín ju mílímítà 8 lọ. Soudeur á ní kò pọn dandan. Sọ fún un pé ìwọ lo ń sanwó.

Súìṣì ńkọ́? Ibí ni mo ti fẹ́ kí o náwó jù. Má fi súìṣì àtùpà sí tábìlì ayùn. Ra contacteur tó ní bọ́tìnì méjì, aláwọ̀ ewé àti pupa. Wáyà wíwé kan wà nínú rẹ̀ tí iná fi ń di ojú irin mú. Bí iná bá lọ, ojú irin á ṣí fúnra rẹ̀, bí iná bá sì padà dé, ẹ̀rọ kò ní yí àfi tí ẹnì kan bá tún tẹ aláwọ̀ ewé. Iná wa kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi ẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan, iná lọ nígbà tí mo ń la pákó lọ́wọ́, gbogbo wa jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Kò sẹ́ni tó rántí pa súìṣì. Ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ tó máa ń fẹ́ ṣe dáadáa, ní kí òun gbá ìyẹ̀fun igi kúrò lábẹ́ abẹ kí iná tó dé. Ó na ìgbálẹ̀ sí i. Iná dé. Ọlọ́run ló yọ wá pé ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀ ṣáájú ọwọ́ rẹ̀. A ń ṣa ọwọ̀ ìgbálẹ̀ nílẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ra contacteur.

Àtúnṣe tó kéré jù lówó, tó sì pé jù, ni àwo tí o bá fi sí i. Gígé yàtọ̀ sí lílà, eyín wọn kò sì jọra. Fún àwo 190, eyín 24 ni kí o fi máa là ní ìlànà igi, eyín 48 tàbí 60 ni kí o fi máa gé ìdábùú. Ẹni tó ń fi eyín 60 la tíìkì ń se igi ni, kò là á. Ra èyí tí wọ́n fi carbure, irin tó le gan-an, sí eyín rẹ̀, torí igi méjèèjì tí o ń lò kì í ṣàánú irin: yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú ara tíìkì, ìrókò sì máa ń ní òkúta funfun tó dì sínú rẹ̀, pàápàá níbi tí igi náà ti fara gbọgbẹ́ rí. Wo pákó ìrókò dáadáa kí o tó là á. Ibi tó bá funfun tó sì le bí eyín, yí ọ̀nà ayùn kúrò níbẹ̀. Tíìkì tún ní òróró tó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ọ̀pọ̀ àwo tí wọ́n sọ nù pé ó ti kú, oje ló bò ó. Yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí o nù ún gbẹ. Bí ihò àárín àwo bá tóbi ju ọ̀pá ẹ̀rọ rẹ lọ, òrùka kan wà tí wọ́n ń tà láti fi dín in kù. Má wé páànù agolo mọ́ ọn. Mo ti rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́.

Rabot oníná rẹ, o lè dorí tirẹ̀ kodò, torí abẹ rẹ̀ wà nínú ikùn, kò yọ síta bíi ti ayùn. Àwọn tó ń ṣe é náà ń ta ìdúró fún un. Kan àpótí igi tó gbá a mú pinpin, kí o so ìbòrí kan mọ́ ọn pẹ̀lú sípíríńgì tó ń padà bo abẹ bí pákó bá ti kọjá. Pákó tí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, fi rabot ọwọ́ fá a. Fi igi ti pákó, má fi àtẹ́lẹwọ́ lásán tì í. Dírílì kò ní wàhálà púpọ̀: lu ihò sí igi kékeré kan, ki ọ̀pá ìlu bọ inú rẹ̀ kó dúró bí òrùka, ìyẹn ni yóò máa sọ ibi tí ihò jìn dé fún ọ. Fífi dírílì ṣe ẹ̀rọ ìyígi, kó mọ sórí èèkù dúróà. Bẹ́ríìnì rẹ̀ kò lè gba ẹrù láti ẹ̀gbẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Àlòkù tó ń gba èbúté Kùtọnú wọlé, ka pátákó ara rẹ̀ kí o tó na owó. Tiwa ni fóltéèjì 220, iye ìgbà tí iná wa ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan (Hz) sì jẹ́ 50. Irinṣẹ́ Amẹ́ríkà jẹ́ 120 àti 60, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí orí okùn iná rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò ní Ìlú Ọba sì jẹ́ 110. Mo ra ọ̀kan rí lọ́wọ́ ẹni tó búra pé 220 ni. Mo ki í bọ iná, ó ké bí ewúrẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, òórùn irun jíjó gba ilé. Bó bá jẹ́ irinṣẹ́ tó ní charbon nínú, ìyẹn èédú tó ń gbé iná lọ sára ohun tó ń yí, transformer, àpótí tó ń dín fóltéèjì kù, á gbà á. Fún irinṣẹ́ wáàtì 1,500, transformer 3,000 ni mo máa ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò ní charbon, tí wọ́n kọ 60 sí, eré rẹ̀ á dínkù ní ìdá mẹ́fà níhìn-ín, á sì máa gbóná, transformer kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ohun kan náà ló jẹ́ pẹ̀lú àpótí kékeré tí wọ́n ń tà láti fi dín eré kù: irinṣẹ́ oní-charbon nìkan ni kí o so mọ́ ọn.

Wo okùn iná rẹ náà. Okùn àtùpà oní-0.75 (ìwọ̀n bàbà inú rẹ̀) tó gùn tó mítà 50, bí ayùn wáàtì 1,800 bá wà lẹ́nu rẹ̀, fóltéèjì tó tó 19 ló ń sọnù sínú okùn kó tó dé ẹ̀rọ. Lo 2.5, yóò dínkù sí bíi mẹ́fà. Tú u sílẹ̀ pátá kí o tó lò ó, torí okùn tí a ká jọ ń sè ara rẹ̀.

Kò sì gbọdọ̀ sí ìyẹ̀fun igi nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ. Ti ìrókò ń yún ara, ó ń dí imú, ó ń fa ikọ́ fée (asthma). Láti 1995 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìyẹ̀fun igi ń fa jẹjẹrẹ. Fi túùbù so ẹnu ibi tí ayùn ti ń tu ìyẹ̀fun mọ́ ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ oníná, kí ike onídèérí kan wà láàárín tí ìyẹ̀fun yóò máa bọ́ sí. Iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Máàsìkì FFP2, èyí tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́, ni kí o lò, aṣọ tí wọ́n fi ń bo imú kò tó.

Ṣe ìtọ́sọ́nà mítà 2.40 yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí o la ilẹ̀kùn kan pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí o bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tábìlì, ya fọ́tò pátákó ara rẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí n bá ọ ṣírò púlì rẹ̀.